Ibú Ni Èbù Odò: Ìrìn Ọjọ́ Mẹ́ta Lójú Odò Térou Nígbà Ọyẹ́

Ìgbà ọyẹ́ ni a máa ń rí ìdí odò. Nígbà òjò, omi a bo ohun gbogbo mọ́lẹ̀: àpáta, gbòǹgbò igi, ihò ẹja, àti ojú ọ̀nà tí àwọn baba wa ń gbà sọdá. Ṣùgbọ́n nígbà tí afẹ́fẹ́ gbígbẹ bá ti fẹ́ láti àríwá fún oṣù kan tàbí méjì, omi a fà sẹ́yìn, ilẹ̀ odò a sì yọ síta kedere. Nítorí náà ni àwa tí ń kọ ìwé ìròyìn yìí, pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ díẹ̀ láti Manigri àti Bassila, ṣe pinnu pé dípò kí a jókòó ti iná nínú òtútù àárọ̀, a ó di ẹrù wa sẹ́yìn, a ó sì fi ẹsẹ̀ rin ojú odò Térou fún ọjọ́ mẹ́ta. Ohun tí a rí níbẹ̀ ni a fẹ́ fi tó ẹ̀yin òǹkàwé wa létí, nítorí ó kan oúnjẹ wa, ó sì kan àwọn tí yóò jogún ilẹ̀ yìí lẹ́yìn wa.

Odò tí ó wà lẹ́yìn oko wa

Ilẹ̀ Bassila fẹ̀ púpọ̀: 5 661 kìlómítà níbùú lóròó. Ẹkùn mẹ́rin ni ó pín sí, èyíinì ni Bassila, Manigri, Pénéssoulou àti Alédjo-Koura. A ń sọ èdè Anii níbẹ̀, a ń sọ Nàgó, a ń sọ Kotokolí àti Fúlàní. Nàgó tí a ń sọ ní Manigri náà ni àwọn ará wa ń sọ ní Kambolé ní ilẹ̀ Tógò. Ọ̀nà ọlọ́dà tí ó ti Savalou wá, tí ó sì ń lọ sí Djougou, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ní agbègbè wa. Ẹni tí ó bá gba ojú ọ̀nà náà kọjá nínú ọkọ̀ kò ní mọ̀ pé ní ìhà ìlà-oòrùn, lẹ́yìn àwọn oko iṣu àti oko kajú, odò kan wà tí ó ń gba inú igbó lọ.

Térou ni odò náà. Ouémé ni ó ń ṣàn lọ bá. Ouémé fúnra rẹ̀ kò jìnnà sí wa ní orísun: àwọn òkè Tanéka, nínú ẹkùn Donga kan náà tí Bassila wà, ni ó ti ń jáde. Láti ibẹ̀ ó ń rin nǹkan bí 510 kìlómítà kí ó tó dé adágún Nokoué àti ọ̀sà Porto-Novo. Òjò tí ó rọ̀ sórí oko wa ní ìlà-oòrùn Bassila ni ó ń di omi tí àwọn ará Ganvié ń wa ọkọ̀ lórí rẹ̀. Nígbà tí àgbàrá ńlá bo àfonífojì Ouémé ní ọdún 2010, tí ilé wó, tí oko sì rì sínú omi, omi ti òkè odò wà lára ohun tí ó dé bá àwọn ará ìsàlẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n bá wa lọ ti rí àwòrán àwọn ọ̀gbun ńlá tí odò gbẹ́ ní ilẹ̀ òkèèrè. Wọ́n mọ Verdon ní ilẹ̀ Faransé, tí ó jinlẹ̀ tó 700 mítà ní ibì kan. Wọ́n mọ ti odò Colorado ní Amẹ́ríkà, tí ó gùn ní 446 kìlómítà. Ní ìgbà òtútù, tí èrò ti dín, ni àwọn kan ní ilẹ̀ wọ̀nyẹn fẹ́ràn láti di ẹrù, kí wọ́n sì rin inú rẹ̀. Ti wa kò rí bẹ́ẹ̀. Àpáta ilẹ̀ wa jẹ́ àpáta àtayébáyé tí ó le, tí òjò àti oòrùn ti fá títí tí ó fi tẹ́. Síbẹ̀, níbi tí Térou bá ti bá àpáta pàdé, ó gbẹ́ ọ̀nà tóóró fún ara rẹ̀. Bèbè odò a ga ju orí ènìyàn lọ, igi apá ọ̀tún àti ti òsì a sì fi orí kan ara wọn lókè. Ibẹ̀ ni a ń lọ.

Ọjọ́ kìn-ín-ní: eruku àti òdòdó kajú

Bàbá méjì ni ó mú wa lọ. Ọ̀kan jẹ́ ọdẹ, ọmọ Manigri. Èkejì jẹ́ àgbẹ̀ tí ó ń sọ Anii, ọmọ Bassila. Kí a tó gbéra, a ti lọ kí àwọn olórí abúlé tí ọ̀nà wa yóò gbà kọjá, a sì ti sọ fún àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó ìjọba. Ní àkókò yìí tí ààbò ti di ìṣòro ní àríwá orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni wọ inú igbó láìjẹ́ pé àwọn onílẹ̀ mọ̀.

Alùpùpù gbé wa títí ojú ọ̀nà fi di ipa ẹsẹ̀. Eruku ọyẹ́ bo ohun gbogbo. Púpọ̀ nínú eruku yìí ti ọ̀nà jíjìn wá: ilẹ̀ gbígbẹ Bodélé ní Chad wà lára ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń kó o jùlọ. Ètè wa là kí ọ̀sán tó pọ́n. Bàbá ọdẹ yọ òrí láti inú àpò rẹ̀, ó ní:

“Ẹ fi pa ètè àti imú yín. Igi ẹ̀mí tí ẹ ń wò yìí ni ó ni oògùn ọyẹ́.”

Lóòótọ́, igi ẹ̀mí àti igi igbá ni ó pọ̀ jù nínú oko tí a là kọjá, nítorí àgbẹ̀ kì í gé wọn. Láàrin wọn ni oko kajú wà, lọ bí ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ bí ẹni. Kajú ń yọ òdòdó ní àkókò náà, oyin sì ń kùn lórí rẹ̀. Owó kajú ni ọ̀pọ̀ ilé ní agbègbè wa fi ń san owó ilé ìwé, tí wọ́n sì fi ń kan páànù sórí ilé. A ń sọ èyí ní ìbẹ̀rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ọ̀tá kajú ni wá.

Lẹ́yìn oko ni igbó bẹ̀rẹ̀: igi bàbó, ìyá, àpá. Àwọn kùkùté kan wà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ. Bàbá ní igi tí àwọn agégedú ń pè ní vêne ni. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní Pterocarpus erinaceus. Wọ́n ti gé e tó bẹ́ẹ̀ jákèjádò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí àdéhùn àgbáyé CITES fi fi í sábẹ́ ìṣọ́ láti ọjọ́ 2 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017, tí a kò fi gbọdọ̀ kó o lọ sí òkèèrè láìgba ìwé àṣẹ.

Ní ìrọ̀lẹ́ a dé etí odò. Àwọn ọ̀dọ́ wo ilẹ̀, wọ́n wo ara wọn. Iyanrìn ni ó wà níbẹ̀, kò sí omi. Ọ̀kan nínú wọn béèrè pé:

“Bàbá, ṣé odò náà ti kú ni?”

Bàbá Anii rẹ́rìn-ín. “Ẹ sùn ná. Lọ́la ẹ ó rí ibi tí ó wà.”

Ìdí tí odò fi ń dúró

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, nínú òtútù, a ro ilẹ̀ yíká kí a tó dá iná kékeré kan, nítorí koríko ọyẹ́ kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ iná. Ibẹ̀ ni a ti ṣàlàyé fún àwọn ọ̀dọ́ ohun tí àwọn onímọ̀ rí nípa omi ilẹ̀ wa.

Òkè Ouémé wà lára àwọn agbègbè tí a ti ṣe ìwádìí omi jùlọ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn ọmọ Bẹ̀nẹ̀ àti àwọn ará Faransé tí ń ṣiṣẹ́ nínú ẹgbẹ́ ìwádìí AMMA-CATCH ti ń wọn òjò àti odò níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn ará Jámánì láti yunifásítì Bonn àti ti Köln náà ṣe iṣẹ́ tí wọ́n pè ní IMPETUS, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2000. Nǹkan bí 1 200 mílímítà òjò ni ó ń rọ̀ ní agbègbè wa lọ́dún, púpọ̀ rẹ̀ láàrin oṣù kẹrin àti oṣù kẹwàá. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní odò Donga fi hàn pé omi tí ó ń sun ní ìsàlẹ̀ pátápátá, èyí tí kànga jíjìn ń fà, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ojú odò rárá. Omi tí ó wà nítòsí ojú ilẹ̀ nígbà òjò, àti ní àbàtà tí a ń gbin ìrẹsì sí, ni ó ń bọ́ odò. Bí òjò bá dáwọ́ dúró, omi òkè yìí a tán, odò a sì dúró. Omi ìsàlẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n gbòǹgbò igi ni ó ń mu nínú rẹ̀ ní ìgbà ọyẹ́.

Àwọn àgbà ní odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Térou kò gbàgbé orísun rẹ̀; ìṣe rẹ̀ ni láti sinmi lọ́dọọdún. Ìbéèrè tí ó kù ni èyí: nígbà tí odò bá ń sinmi, níbo ni àwọn ohun ẹlẹ́mìí inú rẹ̀ máa ń wà?

Ọjọ́ kejì: láàrin àpáta

A bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kí oòrùn tó là. A fi ojú odò ṣe ọ̀nà, a ń tẹ iyanrìn, a ń fo láti orí òkúta dé orí òkúta. Bàbá ọdẹ kìlọ̀ fún wa:

“Ẹ má wá ọ̀nà àbùjá. Ibi tí odò bá yà sí ni kí ẹ yà sí. Ó ti ń rìn níbí kí a tó bí babańlá yín.”

Nígbà tí ó di nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, bèbè méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Àpáta dúdú yọ ní apá ọ̀tún, omi ti fọ̀ ọ́ títí ó fi ń dán. Àwọn ihò róbótó wà lára rẹ̀, tí òkúta kéékèèké inú àgbàrá ti ń yí gbẹ́. Ọ̀gánwó àti igidúdú na ẹ̀ka wọn sórí wa. Atẹ́gùn yí padà: eruku tán, ara tù wá. Lẹ́yìn ìyípo kan ni a rí omi.

Ibú ni. Ó gùn bí ìṣísẹ̀ ọgọ́rùn-ún, ó sì dúdú nítorí òjìji igi. Ẹyẹ apẹja kan fò kọjá. Lórí iyanrìn, Bàbá fi ẹsẹ̀ ọ̀nì hàn wá, ipa ìrù rẹ̀ sì wà láàrin. Ẹsẹ̀ ẹtu wà níbẹ̀, àti ti ọ̀bọ, àti ti àwọn màlúù tí àwọn Fúlàní ti kó wá mu omi. Nínú omi, ẹja ń yọ ẹnu. Àrọ̀ ni ó pọ̀ jù, nítorí àrọ̀ lè mí afẹ́fẹ́ òkè nígbà tí omi bá gbóná tí ó sì lọ́ra.

Bàbá Anii tọ́ka sí ibú náà, ó sì sọ ọ̀rọ̀ tí a kò lè gbàgbé. Ó sọ ọ́ ní Anii, lẹ́yìn náà ó tún un sọ ní Nàgó kí ó lè yé gbogbo wa:

“Ẹ̀yin ọmọ, ṣé ẹ mọ èbù? Nígbà tí a bá wa iṣu tán, a kì í jẹ gbogbo rẹ̀. A ó ya èbù sọ́tọ̀, a ó fi í sí abẹ́ òjìji kí oòrùn má pa á, títí ìgbà gbíngbìn. Ibú yìí ni èbù odò. Ẹja tí ẹ ó jẹ lẹ́yìn òjò wà níbí.”

Èyí ni ìdáhùn. Ní ìgbà ọyẹ́, odò tí ó gùn ju ìrìn ọjọ́ mélòó kan lọ kó gbogbo ẹ̀mí inú rẹ̀ jọ sí ibi mẹ́wàá tàbí ogún. Ohun tí ó bá ṣẹlẹ̀ sí ibú kan ní oṣù kìn-ín-ní ni yóò hàn ní gbogbo odò ní oṣù kẹsàn-án.

Èbù tí a ń jẹ

Ibú kejì tí a dé lọ́sàn-án ọjọ́ náà ń rùn. Ẹja wẹ́wẹ́ léfòó, ikùn wọn sókè. Ní ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni a ti rí ike oògùn kòkòrò, irú èyí tí a ń fọ́n sí oko òwú, ó ti ṣófo. Ẹnìkan ti da á sínú omi kí ẹja lè kú kíákíá. Ó kó àwọn ńlá, ó fi àwọn kékeré sílẹ̀. Àwọn tí wọ́n ra ẹja náà ní ọjà jẹ oògùn òwú mọ́ ọn, màlúù tí ó mu omi níbẹ̀ sì mu nínú rẹ̀. Òfin ẹja pípa tí orílẹ̀-èdè wa ṣe ní ọdún 2014 lòdì sí fífi májèlé pa ẹja. Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀ṣọ́ kankan tí ó lè dúró ti gbogbo ibú. Àwọn tí ilé wọn sún mọ́ ọn ni ó lè ṣọ́ ọ.

Kò pẹ́ sí ibẹ̀ ni a tún rí oko kajú tí ó dé etí odò gan-an. Wọ́n ti gé gbogbo igi bèbè. Oòrùn kan omi, ibú ibẹ̀ kò sì ju orúnkún lọ, nítorí ilẹ̀ bèbè ti ya wọ inú rẹ̀. Òfin igbó ti ọjọ́ 2 oṣù keje ọdún 1993 ní kí ẹnikẹ́ni má ṣán ilẹ̀ ní ìwọ̀n 25 mítà sí etí odò, ní apá ọ̀tún àti ní apá òsì. A fi ẹsẹ̀ wọn 25 mítà: nǹkan bí ìṣísẹ̀ ọgbọ̀n ni. Orí kajú ìlà kẹrin ni ìṣísẹ̀ wa parí sí.

Olóko náà wà níbẹ̀. A kí i, ó fún wa ní omi. Nígbà tí a sọ̀rọ̀ òfin, kò bínú, ṣùgbọ́n ó dá wa lóhùn:

“Ẹ̀yin ọmọ ìwé, ibi tí ilẹ̀ ti tutù jù ni ẹ ní kí n fi sílẹ̀. Ọmọ mẹ́ta ni mo ní ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ṣé igi odò ni yóò san owó wọn?”

Kò sí ẹni tí ó lè pe ọ̀rọ̀ náà ní ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Bàbá ọdẹ ni ó fèsì, láìgbé ohùn sókè:

“Ọmọ mi, kajú mélòó ni odò gbé lọ lọ́wọ́ rẹ ní òjò tí ó kọjá?”

“Méje, Bàbá.”

“Nígbà tí àpá àti ìyá wà níbẹ̀, mélòó ni ó ń gbé?”

Ọkùnrin náà dákẹ́. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó ní òun yóò jẹ́ kí àwọn èéhù tí ń hù láti ara kùkùté bèbè ga, òun kò ní ṣán wọn mọ́. Bóyá yóò ṣe é, òjò méjì mẹ́ta ni yóò sọ fún wa. Ohun tí a kọ́ ni pé òfin nìkan kò tó, ìyọ́nú sí igi nìkan kò sì tó. Àgbẹ̀ fẹ́ mọ ohun tí òun yóò pàdánù àti ohun tí òun yóò jèrè. Gbòǹgbò igi bèbè ni ó di ilẹ̀ oko rẹ̀ mú. Èyí jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó yé gbogbo àgbẹ̀.

Ìdí tí àwọn baba wa kò fi kọ́lé sí etí odò

Àwọn ọ̀dọ́ béèrè ìdí tí kò fi sí abúlé àtijọ́ ní ibi dáradára bẹ́ẹ̀. Bàbá ní ojú ni ó ń fọ́. Òótọ́ ni. Níbi tí omi bá ti ń sáré lórí àpáta nígbà òjò ni eṣinṣin dúdú kékeré kan ń yé ẹyin sí. Bí ó bá ń jẹ ènìyàn lọ́pọ̀ ìgbà, ó lè kó kòkòrò tí ń fọ́ni lójú sí i lára. Ní ọdún 1974, orílẹ̀-èdè méje ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí Dahomey ìgbà náà wà nínú wọn, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá láti pa ìdin eṣinṣin náà nínú odò. Bàálù ni wọ́n fi ń fọ́n oògùn. Lẹ́yìn náà ni oògùn oníhóró ivermectin dé, tí a ń pín lọ́fẹ̀ẹ́ ní abúlé. Iṣẹ́ náà parí ní ọdún 2002, ìfọ́jú sì dín kù gidigidi.

Báyìí ni ilẹ̀ etí odò ṣe ṣí sílẹ̀ fún oko. Fún ọ̀pọ̀ ìran, ìbẹ̀rù eṣinṣin ni ó ń bá wa ṣọ́ igi bèbè. Ìbẹ̀rù yẹn ti lọ, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n a kò tíì fi ìṣọ́ mìíràn rọ́pò rẹ̀.

Orúkọ àwọn ibú

Ìṣọ́ kan wà tí ó dàgbà ju òfin lọ. Gbogbo ibú tí a kọjá ni ó ní orúkọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní orúkọ méjì, ọ̀kan ní Anii, ọ̀kan ní Nàgó. Àwọn kan wà tí a kì í pẹja nínú wọn ní ọjọ́ kan. Àwọn mìíràn wà tí a kò gbọdọ̀ gé igi yí wọn ká. Àwọn bàbá méjèèjì ka orúkọ náà fún wa lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń tún ara wọn ṣe, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Nínú àwọn ọ̀dọ́ mẹ́fà tí ó bá wa lọ, kò sí ẹni tí ó mọ ẹyọ kan ṣáájú ọjọ́ náà.

A kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Ṣùgbọ́n nígbà tí a béèrè bóyá a lè tẹ̀ ẹ́ jáde, Bàbá ọdẹ mi orí. Ó ní: “Orúkọ ibú, etí ibú ni a ti ń gbọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá.” A bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìwé náà wà lọ́wọ́ wa. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ orúkọ, kí ó bá wa rìn.

Ìjọba pàápàá ti gbà pé irú ìṣọ́ yìí níye lórí. Àṣẹ ti ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá ọdún 2012 fi ìlànà lélẹ̀ fún títọ́jú igbó ọlọ́wọ̀ ní Bẹ̀nẹ̀. Níbi tí ibú bá wà nínú irú igbó bẹ́ẹ̀, àwọn ará ìlú lè béèrè lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ pé kí a mọ̀ ọ́n lábẹ́ òfin. Ṣùgbọ́n kí a tó lè béèrè, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ibi tí ó wà.

Fún ẹni tí ó bá fẹ́ rìn

Ní ọjọ́ kẹta a gba ọ̀nà oko padà sí ojú ọ̀nà alùpùpù, ẹsẹ̀ ń dùn wá, ara sì yá. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ó bá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ gba ìmọ̀ràn díẹ̀ yìí.

Ẹ lọ ní oṣù kejìlá tàbí oṣù kìn-ín-ní, kí ooru tó dé. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ olórí abúlé àti àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó, ẹ má sì lọ láìsí àgbà tí ó mọ ilẹ̀. Ẹ gbé omi mímu tí ó tó, nítorí omi ibú kì í ṣe mímu bí a kò bá sè é. Gàrí, ẹ̀pà, iṣu sísun àti wàrà àwọn Fúlàní tó fún oúnjẹ. Ẹ mú aṣọ tí ó nípọn fún òru, àti òrí fún ètè. Ẹ má dá iná sórí koríko. Ẹ má pẹja nínú ibú ní ìgbà ọyẹ́, kódà pẹ̀lú ìwọ̀. Ẹ kó ike yín padà wálé. Bí ẹ bá sì rí ibú tí ó ń rùn, ẹ sọ fún olórí abúlé ní ọjọ́ náà gan-an, kí àwọn ènìyàn má baà ra ẹja rẹ̀ ní ọjà.

Ní oṣù kẹrin, òjò àkọ́rọ̀ yóò rọ̀. Ní oṣù keje, Térou yóò tún máa ṣàn lórí gbogbo ibi tí a fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Àgbẹ̀ tí ó bá jẹ èbù rẹ̀ nígbà ọyẹ́ yóò ní ilẹ̀, yóò ní òjò, ṣùgbọ́n kò ní rí ohun tí yóò gbìn. Kí odò wa má rí bẹ́ẹ̀.